Alángbá Tó Kọ̀ Tí Kò Yé

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú àwọn adìẹ, ẹ kú ìtọ́jú ìyàwó mi. Mo mọ̀ pé kí ẹ tó ka ìlà kejì, ẹ ó ti máa sọ pé Oníbéèrè rántí wa lónìí, kí ló tún fẹ́ bèèrè. Ẹ̀yin lẹ sọ mí lórúkọ yẹn láti kékeré, ẹ jẹ́ kí n máa jẹ́ ẹ lọ.

Mo ti ríṣẹ́. Ilé ìtọ́jú ẹranko ni, níbi tí àwọn dókítà ẹranko ti ń ṣe ìwádìí. Wọ́n bi mí pé kí ni mo mọ̀ nípa ohun abẹ̀mí. Mo ní ìdí ẹyin ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, pé ìyá mi ń gbé ẹyin síwájú iná, tó sì ń mọ èyí tó máa pa àti èyí tó ti dòbu. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà mí. Ọ̀dọ̀ àwọn alángbá ni wọ́n fi mí sí. Mò ń nu àpótí gíláàsì wọn, mò ń bu omi fún wọn, mò ń fún wọn ní kòkòrò jẹ, mo sì ń tan iná tó ń mú wọn móoru. Bí ẹ bá rí mi láàárọ̀, nínú súwẹ́tà méjì àti jákẹ́ẹ̀tì, tí mò ń kí alángbá pé ṣé dáadáa ni wọ́n jí, ẹ ó ní kí n tètè máa bọ̀ nílé.

Òtútù ibí kì í ṣe èyí tí òjò ń mú wá. Gbígbẹ ló gbẹ. Ètè mi ti là, aṣọ tí mo bá sá sórí okùn á kọ́kọ́ le bíi pákó kó tó gbẹ. Mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ wò, ọ̀bẹ ló tẹ̀.

Ọ̀kan wà nínú àwọn alángbá yìí tí mo sọ ní Ìyá Àgbà, nítorí bó ṣe máa ń wo èèyàn bí ẹni pé a ṣẹ̀ ẹ́ lánàá. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run, ṣùgbọ́n ti Ìyá Àgbà ò fara sin: ikùn rẹ̀ ti kún dé ìhà méjèèjì. Mo wá iyanrìn tó kúnná, mo wọ́n omi sí i, mo tẹ́ ẹ sí igun àpótí fún un bí ẹ ṣe máa ń tẹ́ koríko fún adìẹ tó fẹ́ yé. Kò tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ẹyin ò jáde. Ìyá, kí là ń ṣe fún abiyamọ tó lẹ́yin nínú tí kò fẹ́ yé? Mi ò lè bi àwọn ará ibí, èmi tí mo ti fọ́nnu pé mo mọ ẹyin.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti ìyàwó mi. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ti jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ kí oyún náà tó wúwo, nítorí àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú kì í gbé aboyún tí ikùn rẹ̀ bá ti yọ ṣíwájú jù. Mo ti gba yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ó ku kó wá bá mi níbẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Oníbéèrè

—

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Ọmọ mi, Oníbéèrè,

Mo kí ọ púpọ̀. O kí adìẹ kí o tó kí ìyàwó rẹ. Mo ka ibẹ̀ sókè fún un, ó sì ti fi í pamọ́ dè ọ́.

A wà dáadáa. Àwọn adìẹ ń yé, àyàfi èyí tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn, òun ló ń fi ẹyin tiẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn àgbá omi tó ń rò pé mi ò mọ̀. Ìyàwó ò fẹ́ gbóòórùn ilé adìẹ mọ́. Ó ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, ibẹ̀ ló ń jókòó, tó ń ránṣọ, tó ń jẹ ohun kíkan, tó ń dá gbogbo ẹni tó ń kọjá lóhùn. Ara rẹ̀ le.

Inú mi dùn pé o ríṣẹ́. Ṣùgbọ́n èwo ni ti alángbá? Kò sẹ́ni tó ń fún alángbá lóúnjẹ níbí, wọn ò sì kú. Síbẹ̀, ohun tí a bá gbé lé ni lọ́wọ́ là ń tọ́jú.

Ti Ìyá Àgbà rẹ yẹn, ẹyin ló há a. Bí òtútù bá mú adìẹ, ara rẹ̀ á le, ẹyin á jókòó sí i nínú. Bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́, kì í ṣe gbígbóná. Gbé e sínú rẹ̀ kí omi náà dé ikùn rẹ̀, kí o wá fi ìka méjì máa wọ́ ọ níkùn lọ sísàlẹ̀. Má tẹ̀ ẹ́ o. Máa bá a sọ̀rọ̀ bí o ṣe ń ṣe é. Abiyamọ tó ń rọbí, ohùn èèyàn máa ń ràn án lọ́wọ́, ìbáà ṣe adìẹ.

Ní ti ìyàwó, jẹ́ kí n bi ọ́, ìwọ tí o máa ń bi gbogbo ayé. Alángbá tí wọ́n bí sí ilẹ̀ yẹn, tí bàbá ńlá rẹ̀ ń gbé ibẹ̀, wo ilẹ̀ náà títí, ó ní òun ò yé síbẹ̀. Ìwọ wá ní kí ìyàwó wa, tí ò tíì rí òtútù tó ń mú aṣọ le bíi pákó rí, kó gbé oyún àkọ́kọ́ wá bí síbẹ̀. Alángbá ò lọ sílé ìwé, ó sì mọ ibi tí ọmọ òun ò ti ní yè. Ìyàwó ò lọ síbì kankan. Kó bímọ sọ́wọ́ àwa tí a mọ̀ ọ́n. Bí ọrùn ọmọ bá ti le, ká tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Máa jẹun o. Fi nǹkan pa ètè rẹ.

Ìyá rẹ

—

Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi kí ìyàwó mi lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ tó kí adìẹ.

Mo wẹ alángbá. Mo ṣe é gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́ tí mo fi ń fọ ojú, mo ká ọwọ́ súwẹ́tà méjèèjì sókè, mo kúnlẹ̀, mò ń wọ́ ọ níkùn, mò ń sọ fún un ní èdè wa pé pẹ̀lẹ́, ìyá, pẹ̀lẹ́, ó máa tó bọ́. Ìyá Àgbà la ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò mí. Ibẹ̀ ni ọ̀gá wa, dókítà obìnrin kan tí mi ò rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ rí, ti bá wa. Ó bèèrè ohun tí mò ń ṣe. Mo ní ẹyin ló há a, ìyá mi ló wí bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà wá bókẹ́ẹ̀tì kan, ó dojú rẹ̀ dé, ó jókòó lé e lórí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, Agbẹ̀bí ni gbogbo wọn ń pè mí.

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán ló wá là mí lóye. Kò sí ẹyin kankan tó há. Irú alángbá yìí kì í yé rárá. Ó ní ilẹ̀ ibí tutù débi pé ẹyin tí wọ́n bá bò sínú rẹ̀ ò ní pa, ó sì gbẹ débi pé á fa gbogbo omi inú ẹyin náà tán. Ẹyin ò lẹ́sẹ̀, kò lè dìde lọ yá oòrùn. Ìyá rẹ̀ ló lẹ́sẹ̀. Nítorí náà inú ara rẹ̀ ló gbé àwọn ọmọ sí. Kí òtútù tó dé ló ti lóyún, ó sì máa gbé e la gbogbo ìgbà òtútù já. Bí oòrùn bá yọ, á na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí òkúta kí ikùn rẹ̀ lè gbóná. Bó bá gbóná jù, á sún sẹ́yìn. Òun ni ìtẹ́, òun náà ni adìẹ tó sàba. Bí ilẹ̀ bá wá ń móoru, tí kòkòrò ti ń jáde, á bí wọn láàyè, pẹ̀lú ojú, pẹ̀lú èékánná, pẹ̀lú ìrù. Dókítà ní àwọn ìbátan alángbá yìí tó wà níbi tó móoru ṣì ń yé ẹyin tiwọn sínú ilẹ̀.

Ìyá, ẹjọ́ yín ti wó lulẹ̀ nìyẹn. Alángbá ò kọ̀ láti bímọ síbí. Ọ̀nà tó ń gbà bí i ló yí padà. Bí ẹranko tó kéré tó yẹn bá lè ṣe é, kí ló dé tí ìyàwó mi ò lè ṣe é? Kì í ṣe adìẹ tí ẹ ó máa sé mọ́ àgò. Ìyàwó mi ni. Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Oníbéèrè

—

Ọjọ́ ogún, oṣù kẹrin

Ìyá mi,

Mo kí yín títí. Mi ò tíì rí èsì lẹ́tà mi. Mo pe fóònù, ìyàwó mi ló gbé e, ó ní ẹ ń gbálẹ̀. Mo tún pè, ó ní ẹ ń gbálẹ̀. Ìgbà kẹta tí mo pè ní ọ̀sán gangan, ilẹ̀ náà lẹ ṣì ń gbá. Ilé wo ló tóbi tó bẹ́ẹ̀? Lóòótọ́ ni pé ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé fóònù kì í jẹ́ kéèyàn ronú kó tó fèsì, pé inú ìwé lọ̀rọ̀ ẹbí gbọ́dọ̀ wà. Ìwé náà ni mò ń wò lọ́nà.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ wo àpótí lẹ́tà, ó sì dá mi lójú pé ilẹ̀ tí ẹ ń gbá yẹn ò dùn mọ́ yín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgò yẹn ló dùn yín. Ẹ má bínú. Mo bẹ̀ yín.

Ṣùgbọ́n ikùn ò mọ̀ pé à ń bínú. Ó ń tóbi lọ ni. Bí oyún náà bá ti kọjá oṣù méje, kò sí ọkọ̀ òfurufú tó máa gbé e mọ́, ìgbà yẹn á di pé fọ́tò ni màá fi mọ ọmọ mi. Ẹ kọ̀wé sí mi, ìbáà ṣe èébú ló wà níbẹ̀.

Ìyá Àgbà kí yín. Ó ti sanra sí i.

Oníbéèrè

—

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo ti gbálẹ̀ tán.

Ìyàwó rẹ ka lẹ́tà àgò. Ó bi mí bóyá àgò la wà lóòótọ́. Mo ní kó lọ wo ẹnu ọ̀nà bóyá mo tì í. Ó lọ wò ó, ó padà wá, ó ní kò tì. A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó di pé mo dá wà láàárín àwọn adìẹ, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ̀, mo sì ti forí jì ọ́.

Jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe rí fún ọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Lọ́jọ́ tí mo bí ọ, ìyá mi wà lẹ́yìn mi tí mo fi ara tì í, ìyá bàbá rẹ wà níwájú, àwọn aládùúgbò ń gbé omi gbígbóná wọlé bí ẹni pé ilé ń jó. Mo pariwo, ẹni mẹ́rin ló dá mi lóhùn. Níbi tí o wà yẹn, bí ìyàwó bá pariwo, ta ló máa dá a lóhùn? Ìwọ á wà lọ́dọ̀ alángbá. Ta ló máa wẹ ọmọ? Ta ló máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè sùn? Òtútù kọ́ ni mo ń bá jà. Kí ọmọ ọlọ́mọ má dá wà ni.

Mo gbà pé dókítà rẹ mọ ohun tó ń sọ. Ó yà mí lẹ́nu, mo sì sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wá ra ẹyin. Ọ̀kan ní irọ́ ni. Mo ní ọmọ mi ló wẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bá mi bi dókítà ní ìbéèrè kan. O ní bí oòrùn bá yọ, ìyá alángbá á lọ yá a fún àwọn ọmọ inú rẹ̀. Ó dára. Lọ́jọ́ tí oòrùn ò bá ràn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń gbé e lọ síbi tí oòrùn wà?

Ìyá rẹ

Lẹ́yìn ìwé: Ọkọ mi, èmi ìyàwó rẹ ni mò ń kọ èyí. Ìyá ti lọ wá ẹyin lẹ́yìn àgbá. Mo fẹ́ máa bọ̀, ọmọ ti ń ta mí nípàá, ó jọ pé ìbéèrè lòun náà ń bèèrè. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi Ìyá sílẹ̀ báyìí. Tún lẹ́tà wọn kà. Oníbéèrè ni wọ́n ń pè ọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kí o bi wọ́n, o ò tíì bi wọ́n. Mo sì rántí pé adìẹ lo kọ́kọ́ kí.

—

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ewu ọmọ. Ìyá Àgbà ti bímọ, mẹ́rin ni, gbogbo wọn ló ń sáré.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Iná mànàmáná ilé iṣẹ́ bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo àtùpà tó ń mú àwọn alángbá móoru kú. Oòrùn yọ níta, ṣùgbọ́n kò dé ìhà tí yàrá wa wà. Mo rántí ìbéèrè yín. Mo gbé àpótí Ìyá Àgbà, mo gbé e lọ sí fèrèsé yàrá tí à ń kó oúnjẹ wọn sí, nítorí ibẹ̀ ni oòrùn àárọ̀ ń wọ̀. Nígbà tí oòrùn kúrò níbẹ̀, mo gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó ń kọjá ń bi Agbẹ̀bí pé ibo là ń lọ. Mo ní oòrùn là ń tọ̀. Nírọ̀lẹ́, fèrèsé kan ṣoṣo tó kù tí oòrùn wà ni ti ọ́fíìsì dókítà. Mo kanlẹ̀kùn, mo wọlé, mo gbé àpótí sórí tábìlì rẹ̀ láàárín àwọn ìwé. Dókítà sún ife tíì rẹ̀ sẹ́yìn. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn títí wọ́n fi tún iná ṣe, orí tábìlì yẹn náà ló sì bí wọn sí.

Ìyá, mo rí i. Àkọ́kọ́ nínú wọn jáde nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó mọ́ gaara, ó ká ara rẹ̀ jọ. Ó mí, ó ta ẹsẹ̀, awọ náà ya, ó gbé orí sókè, ó wò wá bí ẹni pé a ṣẹ̀ ẹ́ lánàá. Mo sunkún. Dókítà nu ojú rẹ̀, ó ní eruku ni.

Ẹ bi mí pé ta ló ń gbé e lọ síbi tí oòrùn wà. Èmi ni. Ṣùgbọ́n mo tún rí nǹkan kan. Bí Ìyá Àgbà ṣe bí wọn tán, ó kúrò níbẹ̀, ó lọ jẹ kòkòrò, kò bojú wẹ̀yìn. Dókítà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, ọmọ wọn ò nílò wọn mọ́. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Tiwa ò lè gbé orí ara rẹ̀ dúró. Mo rò ó, mo rí i pé mo lè gbé àpótí alángbá láti fèrèsé dé fèrèsé, ṣùgbọ́n ìyàwó mi àti ọmọ, èmi nìkan ò lè gbé wọn. Òótọ́ lẹ sọ.

Ìbéèrè mi nìyí, ó sì yẹ kó ti ṣáájú gbogbo ìbéèrè tó kù. Ìyá, ṣé ẹ máa bá a wá? Mo ti rò ó pé ẹ ò lè fi àwọn adìẹ sílẹ̀, mo bá fi ẹnu ara mi dá yín lóhùn láì bi yín. Mò ń bi yín báyìí. Yàrá náà kéré, ṣùgbọ́n oòrùn ń wọ̀ ọ́. Ẹ wá. Mo fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀ bó bá pariwo.

Èmi ni ọmọ yín,
Oníbéèrè tí wọ́n tún ń pè ní Agbẹ̀bí

—

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà

Oníbéèrè, ọmọ mi àtàtà,

Ó pẹ́ kí o tó bèèrè.

Ọ̀sẹ̀ tí lẹ́tà àgò dé ni mo ti lọ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà mi. Ìyàwó rẹ ló rán aṣọ tí mo wọ̀ ya á. Inú ń bí mi nínú fọ́tò náà, o máa rí i. Mo ti gba ìwé náà, mo ti fi gbogbo ohun tí àwọn tó ń fúnni láṣẹ ìwọ̀lú ibẹ̀ ní kí n mú wá lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i, mo wá jókòó, mò ń retí ìpè. Ṣé kí n kàn dédé já lu ilé ọmọ mi láìjẹ́ pé wọ́n pè mí ni? Ìyàwó mọ̀. Mo ní bó bá sọ fún ọ, èmi àti ẹ̀ fẹ́ẹ́ jà, ìyẹn ló fi ń sọ̀rọ̀ yíká lẹ́yìn ìwé. Mo rí ohun tó kọ. Ẹ̀yìn àgbá ò jìn tó bẹ́ẹ̀.

Káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ilé ló máa tọ́jú àwọn adìẹ. Ó ń bẹ̀rù àkùkọ, ṣùgbọ́n mo ti fi igi kan lé e lọ́wọ́, mo sì ti fi ẹ̀yìn àgbá hàn án. Mo fẹ́ gbé ẹyin díẹ̀ wá fún dókítà yẹn, ìyàwó ní wọn ò ní jẹ́ kó kọjá ní pápákọ̀ òfurufú. Ó ti rán jákẹ́ẹ̀tì onípele méjì fún mi. Mo wọ̀ ọ́ nínú ooru níbí lánàá láti fi dánra wò, díẹ̀ ló kù kí n dákú.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà tìrẹ ló kàn jìn díẹ̀. Bá mi kí Ìyá Àgbà, sọ fún un pé ó ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n kó máa bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ kejì oṣù tó ń bọ̀ la máa dé. Nu fèrèsé yàrá yẹn dáadáa, kí ìdọ̀tí má dí oòrùn lọ́wọ́. Wá pàdé wa, kí o sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹrù wa. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì la gbà, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta ni kí o máa retí. Ẹnì kẹta ò ní yọjú sí ọ lọ́jọ́ náà. Ó wà níbi tó móoru, a jọ ń gbé e bọ̀ ni.

Ìyá rẹ, tí kò sí nínú àgò